Okùn Tí Mo Tú Lójú Oórì Mọ́mì

Bí mo bá gbọ́ òórùn pẹtiróòlù tó dàpọ̀ mọ́ ti koríko gbígbẹ, iwájú ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìkẹ́rẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ, ní ọjọ́ tí fọkanáísà ti ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ wá bá wa lórí ọmọlanke. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú eruku, ètè gbogbo ènìyàn ti ń là, bí a bá sì fọ aṣọ láàárọ̀, kí a tó sá èyí tó kẹ́yìn, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Láti ojú ọ̀nà Ẹmùrẹ́ ni ènìyàn ti lè rí ilé náà, nítorí òun nìkan ni koríko wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa gbalasa, tí wọ́n gbá títí ó fi ń dán, ló wà níwájú ilé àwọn yòókù.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì tuntun nígbà náà. Ìwọ náà á rántí bí ó ti rí: gbogbo ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ló gbà pé bó pẹ́ bó yá, Adó yóò pe òun. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ti padà wálé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni mo sì ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Adó láti wo orúkọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Orúkọ mi kì í sí níbẹ̀. N óò padà wálé, n óò máa rò pé gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé orúkọ mi kò sí níbẹ̀, pé ojú tí wọ́n fi ń wò mí ti yí padà. Bóyá kò sí ẹni tó ń wò mí rárá. Ṣùgbọ́n bí ọkàn mi ti rí ní ọdún yẹn nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló fa ohun tí mo ṣe.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ ni, ní ìlú kan tó tutù púpọ̀. Kí ìgbà òtútù tó dé lọ́dọọdún, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fẹ́ omi kúrò nínú gbogbo páìpù tó wà lábẹ́ koríko, nítorí bí omi bá di yìnyín nínú páìpù, páìpù yóò ya ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó irú páìpù bẹ́ẹ̀ àti orí sìpírínkìlà méjìlá wálé, ó rì wọ́n sílẹ̀ níwájú ilé. Bí ó bá ṣí omi láti inú tánkì, ara ilẹ̀ ni òjò ti máa ń rọ̀ lọ sókè. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a dúró lójú títì láti wò ó.

Koríko náà, ìyàwó rẹ̀ ló gbìn ín. Mọ́mì là ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Inú àpò ìrẹsì ló ti kó ìtàkùn koríko náà wá, ó kúnlẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì kò pé tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú un lọ. Àárín koríko náà ni a sin ín sí, a sì fi símẹ́ńtì tẹ́ oórì rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kò lè wá síbi ìsìnkú nítorí ìwé ìrìnnà. Kérésìmesì ọdún yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ fojú kan oórì ìyá wọn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan: "Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wọn ni mo fẹ́ kí wọ́n bá níbẹ̀."

Mo bi í léèrè ìdí tí a fi ń fẹ́ omi kúrò nínú páìpù ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí omi kì í ti í di yìnyín. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ka ìwé jù. Ó ní orí àpáta ni kànga wa jókòó, pé bí ọyẹ́ bá ti mú, omi mímu nìkan ló máa ń kù níbẹ̀, kò sí ti koríko. Ó ní bí omi díẹ̀ bá kù nínú páìpù, òkété á gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì gé páìpù jẹ láti mu ún. Ó ní eruku ọyẹ́ á dí ojú sìpírínkìlà pa. Koríko fúnra rẹ̀ yóò gbẹ lójú, yóò pupa bí irun màlúù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ yóò wà láàyè títí òjò yóò fi dé, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yìn ń dun Bàbá, nítorí náà orí àga ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, tí ó ń fi ọ̀pá júwe fún wa. Fọkanáísà náà, bàbá kan tó ti ń hewú, so rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù, ó wo ilẹ̀, ó wo Bàbá.

"Bàbá, ṣé táyà ilẹ̀ ló jò ni?"

"Fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀," ni Bàbá wí. "Bí o bá fọ́ páìpù mi, ọmọlanke yẹn kò ní kúrò níhìn-ín."

"Ẹ fi ọmọlanke sílẹ̀ o. Òun ni ìyàwó mi kejì."

Bàbá rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rín. Èmi ni mo wà nídìí táàpù ìsàlẹ̀, mo sì gbà pé bí ohunkóhun bá fọ́, ọwọ́ mi ni wọn yóò sọ pé ó ti fọ́. Mo ti pa táàpù abẹ́ tánkì. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú, èéfín rẹ̀ gba gbogbo iwájú ilé, àwọn orí sìpírínkìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí arúgbó, wọ́n ń tu omi pọ̀ mọ́ ẹrọ̀fọ̀, títí tó fi ku atẹ́gùn gbígbẹ nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà tú wọn, mo rì wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ìdọ̀tí ara wọn lè ṣí, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn, mo tò wọ́n sínú agolo ọ̀dà. Mo fi ọ̀rá wé ṣùkù àgbàdo, mo fi dí ihò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti jáde.

Kí Bàbá tó wọ mọ́tò lọ sí Èkó láti lọ pàdé àwọn ọmọ rẹ̀, ohun méjì ló ní kí n ṣe. Ó ní kí n kan èèkàn yí koríko náà ká, kí n ta okùn mọ́ ọn, kí n so aṣọ pupa mọ́ okùn náà kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní kí n ránṣẹ́ sí àbúrò òun obìnrin ní Ẹmùrẹ́.

"Sọ fún un pé koríko yìí kò kú o. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá ti rí ohun tó gbẹ, ọkọ́ ló máa ń béèrè."

Mo ṣe ti àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ti èkejì, mo ní n óò bá a sọ ọ́ nígbà tó bá wá fún Kérésìmesì. Mo rò pé àkókò ṣì wà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà ìjọ kan àti àwọn obìnrin méjì gba iwájú ilé wa kọjá. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà. Alàgbà náà dúró. Ó wo èèkàn, ó wo okùn, ó wo aṣọ pupa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láti wo ihò tí mo dí.

"Akọ̀wé, ta ló pa ààlè sójú oórì?"

O mọ ohun tí ààlè jẹ́ fún wa, àrokò tí àwọn àgbà máa ń so mọ́ oko tàbí igi eléso kí olè má bàa fọwọ́ kàn án, tí ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ ń retí àìsàn. Mo ní kì í ṣe ààlè, sà, mo ní koríko ni a fi ń ṣọ́.

"Ṣùkù àgbàdo, aṣọ pupa, okùn. Kí ló wá kù? Ìkarahun ìgbín?"

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó jọ pé wọ́n kọ́ wọn ní yunifásítì ni." Wọ́n lọ, wọn kò bínú, àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Bí mo bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá dá àwàdà padà. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí wọn yóò ti máa sọ ọ́ káàkiri: ọmọ tí Adó kò pè ti ń pa ààlè sójú oórì ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tú okùn, mo fa èèkàn tu, mo kó aṣọ pupa sínú iyàrá mi, mo sì bu erùpẹ̀ bo gbogbo ihò náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí ohun tó lè sọ fún ojú pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú ibẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, èyí sì ni ohun tó máa ń dùn mí jù nígbà tí mo bá rántí.

Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Kérésìmesì ni Bàbá yóò padà. Mo lọ sí Adó láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo wo ògiri, mo padà. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, mo gbọ́ ìró ọkọ́. Kì í ṣe ọkọ́ kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé kejì ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí eruku pupa tó ń gòkè níwájú ilé wa, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí orí mi tó gbà pé òótọ́ ni.

Àbúrò Bàbá láti Ẹmùrẹ́ ni, òun àti àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ méjì. Wọ́n ti ro gbogbo apá òsì oórì náà dé ilẹ̀ pupa. Wọ́n ti kó koríko tí wọ́n ro jọ ní òkìtì lẹ́bàá títì. Ìyá Ẹmùrẹ́, bí mo ti ń pè é, nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ọkọ mi, kú abọ̀! Wo bí iwájú ulé ṣe mọ́. Ṣé inú ugbó ni àwọn ọmọ yóò ti wá kí ìyé wọn ni?"

Mo rí i pé ìfẹ́ ló gbé e láti Ẹmùrẹ́. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jí ní kùtùkùtù, ó wọ mọ́tò pẹ̀lú ọkọ́, kí ojú má bàa ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ó tún fi ọkọ́ balẹ̀, ìtàkùn mìíràn tún já, nígbà náà ni ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí n kò mọ̀ pé mo ní.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró, mo ní!"

Gbogbo wọn dúró. Ìyá Ẹmùrẹ́ wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Èmi lò ń pariwo mọ́ báun?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku náà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀ lọ sí Adó. Mo sọ fún un pé koríko náà kò kú, pé Mọ́mì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, pé òun ni Bàbá fẹ́ kí àwọn ọmọ wá bá. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ìyàwó mi ló gbìn ín? Ọwọ́ ìyàwó mi? Kí ló dé tí o ò ránṣẹ́ sí mi?"

Kí n tó rí ohun wí, mo rí i pé àwọn obìnrin náà ti ku ẹyọ kan. Èkejì ń bọ̀ láti ilé ìdáná pẹ̀lú igi iná lọ́wọ́, ó ń lọ síbi òkìtì. Mo sáré, mo gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Obìnrin náà bú sẹ́kún, kò mọ ohun tó ṣe.

Ìyá Ẹmùrẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́n lára wa. Ó fa ìtàkùn kan yọ nínú òkìtì, ó fi èékánná họ ọ́, ó fi hàn mí: inú rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní ṣebí bí ewé ọ̀dùnkún náà ni, kí a gbìn ín bí a ti ń gbin ewé ọ̀dùnkún, kí oòrùn tó pa á. Ni a bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ọkọ́ fa ilẹ̀ ní ìlà ìlà, èmi ń tẹ́ ìtàkùn sí i, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. A rí ibì kan tí ọkọ́ ti gé páìpù sí méjì. Nítorí pé a ti fẹ́ omi kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀kán kan kò jáde. Mo fa omi nínú kànga, garawa méjì péré, ìkẹta mú ẹrọ̀fọ̀ wá. Omi kún inú tánkì, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná àwọn àlejò ni, Bàbá sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ń wo tánkì, mo ń wo ilẹ̀ tó ń mu omi tí kò sì yó, mo ń tẹ́tí sí ìró mọ́tò lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo èyí ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kàn: n óò sọ ti alàgbà, n óò sọ ti ẹ̀rín àwọn obìnrin yẹn, n óò sọ ti ògiri Adó, kí Bàbá lè mọ̀ pé kì í ṣe àìbìkítà.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí mọ́tò dé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá rìn yí apá òsì náà ká, díẹ̀díẹ̀, ó rí ilẹ̀ pupa, ó rí àwọn ìlà, ó rí páìpù tó já.

"Ta ló tú okùn?"

Ìyá Ẹmùrẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Èmi ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

Kò rí okùn kankan rí. Ó kàn fẹ́ gbé ẹ̀bi náà nítorí mi ni. Mo sì jẹ́wọ́ fún ọ, níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà kí ó gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹrọ̀fọ̀ lára aṣọ ìró rẹ̀, níbi tó kúnlẹ̀ sí, n kò sì lè fara dà á mọ́.

"Èmi ni, Bàbá. Ojú ló tì mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, sà, alàgbà kan..."

Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé o ti bomi rin ín?"

"Garawa méjì, sà. Kànga ti gbẹ."

"Ṣí tánkì."

"Omi ìwẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ni, sà."

"Mo ní kí o ṣí tánkì."

Mo ṣí táàpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ Mọ́mì, gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wá sí eteetí oórì. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ẹmùrẹ́ pé, "Báwo lẹ ṣe ń gbìn ín, Mà?" Ìyá Ẹmùrẹ́ fi hàn án. Ó mú ìtàkùn kan, ó tẹ́ ẹ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ erùpẹ̀ lé e. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ká ṣòkòtò, ó gba garawa lọ́wọ́ mi. A bomi rin ín títí omi tánkì fi dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, omi tí a rà ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn àlejò fi wẹ̀, garawa kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a gbìn kú. Èyí tó kù yọ nígbà tí òjò dé, ní ìlà ìlà bí oko ọ̀dùnkún, ó sì pẹ́ kí àwọn ìlà náà tó pa pọ̀. Bàbá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Ìyá Ẹmùrẹ́ ni kì í gbàgbé: bó bá dé, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ ra koríko náà lórí, á sì kí ìyàwó rẹ̀.

Títí di òní, n kò tíì ráyè sọ gbogbo àlàyé tí mo kó jọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn fún Bàbá. Nígbà kan, mo rò pé ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nítorí pé ó bínú. Mo ti dàgbà díẹ̀ sí i, mo ti rí i pé àánú ló ṣe fún mi. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ń gbẹ bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lọ́kàn rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ mí, mo lè fi odidi ọjọ́ kan ṣàlàyé bí ìtìjú ti rí lára mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó yẹ kí n ti fi ránṣẹ́ sí Ẹmùrẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kí n sì ti sọ fún alàgbà àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Kò gùn, kò sì sí ohun ìtìjú kan nínú rẹ̀: Mọ́mì ló gbìn ín.